Lẹ́tà Ojú Ogun: Ogún Tí Kò Yẹ Kí A Pín

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí yóò rọ́ àrọ́bá náà bá ti sùn, tí kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kí ni ọmọdé yóò wá bá? Ìbéèrè yìí ló gbà wá lọ́kàn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n. Àwọn bàbá tí wọ́n lọ sí ogun Hitler láti ilẹ̀ Yorùbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí ilẹ̀ alààyè. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tí ogun náà parí ní 1945, bí ó bá ṣì wà láàrin wa, ó ti ń sún mọ́ 100 ọdún. Ohun tó kù tí ó lè bá wa sọ̀rọ̀ ní ipò wọn ni ìwé tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sílé, bí ikán àti èkúté bá ti fi í sílẹ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ara mi bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹlẹ́bi ni mo wá ń wá kiri. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bọ́mà. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyá tó bí wọn, ìyá àgbà wa, ṣì wà láyé. Bí ìyá bá jẹun alẹ́ tán, wọn a ní kí n lọ gbé agolo bisikíìtì kan wá lábẹ́ ibùsùn. Lẹ́tà tí ọmọ wọn kọ láti ojú ogun ló wà nínú agolo náà, èmi ni wọ́n sì fi ṣe akàwé wọn. Ìyá kò mọ̀wé, wọn kò mọ a yàtọ̀ sí b, ṣùgbọ́n bí mo bá fo ìlà kan ṣoṣo, wọn a mọ̀. Wọn a ní, “Ọmọ mi, o kò tíì ka ibi tó ti ní kí n má ta ewúrẹ́ òun.” N ó sì padà lọ kà á.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi padà dé láàyè. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ télọ̀, wọ́n sì bímọ. Bí a bá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ogun, wọn a ní, “Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun mìíràn,” wọn a sì máa wa ẹ̀rọ ìránṣọ wọn lọ. Inú àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn nìkan ni wọ́n ti sọ ohunkóhun. Nígbà tí wọ́n wá papò dà, ẹbí péjọ láti pín ogún. Ẹ̀rọ ìránṣọ ní ẹni tó gbà á. Kẹ̀kẹ́ ní ẹni tó gbà á. Agbádá mẹ́ta àti oko kòkó kò gbẹ́yìn. Ẹnìkan ní òun fẹ́ agolo bisikíìtì, nítorí yóò dára fún ìkó-abẹ́rẹ́-àti-òwú-sí. Wọ́n da ìwé inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gbá a pọ̀ mọ́ pàǹtí. Èmi náà wà níbẹ̀. Èmi tí mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ wà níbẹ̀, n kò sì yanu.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ kan nínú ilé lọ ra àkàrà. Nígbà tí a tú àkàrà náà, ọwọ́ ìkọ̀wé tí mo mọ̀ ni mo rí lára bébà tí wọ́n fi pọ́n ọn. Mo sáré lọ bá alákàrà. Obìnrin náà kò jalè, ó ra ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ bí ó ti máa ń rà á ni. Ó ti tà á tán. Ojú-ewé kan ṣoṣo tí epo ti mu ló kù lọ́wọ́ wa títí di òní. Kò ju ìkíni àti orúkọ àwọn ará ilé lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ wà kò sí níbẹ̀.

ÀROKÒ NI BABA LẸ́TÀ

Àwọn kan lè ní ìwé kíkọ kì í ṣe àṣà wa, nítorí náà kò sí ohun tó kan àṣà nínú ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé àrokò. Kí ìwé tó dé rárá ni Yorùbá ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn lọ́nà jíjìn. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n kọjú sí ara wọn ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, bí wọ́n bá sì kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà dé. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ fà sí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí, nítorí ẹ̀fà ni orúkọ rẹ̀. Mẹ́jọ ń sọ pé a jọ wà ní ọ̀kan náà, nítorí ẹ̀jọ ni orúkọ tirẹ̀.

Àrokò ojú ogun kan wà tí ìtàn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn Dàhòmì ń gbógun ti Abẹ́òkúta, wọ́n mú ọkùnrin kan lẹ́rú lọ sí ìlú wọn. Láti ibi tí wọ́n dè é mọ́, ó rí ọ̀nà fi àrokò ránṣẹ́ sí aya rẹ̀ nílé. Ohun márùn-ún ló dì pọ̀: òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan tó ti gbẹ, àti àkísà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ara òun le bí òkúta; pé ọjọ́ iwájú òun dúdú bí èédú; pé ọkàn òun ń ta òun bí ata; pé ìyà ti mú kí ara òun gbẹ bí àgbàdo tí iná yan; àti pé aṣọ ọrùn òun ti di àkísà. Ẹ wò ó bí ó ti bẹ̀rẹ̀! Kí ó tó sọ ìyà kankan, ó kọ́kọ́ fi aya rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé ara òun le. Ọkọ gidi ni.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a bi ara wa ni pé báwo ni a ti ṣe mọ̀ nípa àrokò yìí? Àlùfáà C. A. Gollmer, ọmọ Jámánì tó ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Bàdágìrì àti Abẹ́òkúta, ló kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1885. Bí kì í bá ṣe pé ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀, òkúta yóò ti padà sí àárín òkúta, èédú yóò ti padà sínú ààrò. Ohùn ẹrú náà ìbá ti parẹ́. Mélòó ni irú rẹ̀ tó ti parẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀?

BÍ WỌ́N TI Ń KỌ LẸ́TÀ NÍGBÀ OGUN HITLER

Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Ní 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan tí wọ́n ń pè ní 81st West African Division lọ sí ilẹ̀ Íńdíà. Àmì aláǹtakùn ló wà ní èjìká aṣọ wọn. Ẹgbẹ́ kejì, 82nd Division, tẹ̀lé wọn ní 1944. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ sí apá ibẹ̀ tó nǹkan bí 90,000, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Arakan àti àfonífojì odò Kaladan ní ilẹ̀ Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar lónìí, ni wọ́n ti bá àwọn Japáànù jà. Igbó kìjikìji ni. Òjò ibẹ̀ kì í ṣe irú òjò tiwa. Kò sí ọ̀nà mọ́tò, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú ni ó sì ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun náà ni kò mọ̀ọ́kọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé. Nítorí náà, lẹ́tà kan kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Sójà tó mọ̀wé ni yóò jókòó, ẹni tí kò mọ̀wé yóò máa sọ, ẹni tó mọ̀wé yóò máa kọ. Nílé pẹ̀lú, akọ̀wé lẹ́tà wà tí ń jókòó nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́ pẹ̀lú tábìlì kékeré àti gègé, ẹlòmíràn pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Òfin ìjọba sì wà nígbà náà pé ẹni tó bá kọ lẹ́tà fún ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́dọ̀ kà á padà fún un, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Bí ẹ bá rí orúkọ àjèjì ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà bàbá yín, ẹ má ṣe rò pé lẹ́tà ẹlòmíràn ló ṣìnà wọlé. Orúkọ ẹni tó ya ọwọ́ rẹ̀ fún bàbá yín ni.

Lẹ́yìn ẹni tó sọ àti ẹni tó kọ, ẹnìkẹta wà. Òun ni ọ̀gá ológun tí wọ́n yàn láti ka lẹ́tà gbogbo kí ó tó jáde. Ohunkóhun tó bá lè tú àṣírí ogun, bí orúkọ ìlú, orúkọ odò, tàbí iye ọmọ ogun, yóò fi ìnkì dúdú pa á tàbí kí ó fi abẹ gé e kúrò. Ìdí nìyí tí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí kì í fi sọ ibi tí a ti kọ wọ́n, tí òmíràn sì lu jára bí ẹni pé eku ló jẹ ẹ́. Ihò náà pàápàá jẹ́ apá kan ìtàn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lẹ̀ ẹ́ pa.

Èdè inú wọn tún jẹ́ ìṣúra mìíràn. Àwọn kan jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì akọ̀wé, tó le bí igi, tó sì kún fún “mo ní ọlá láti.” Àwọn kan jẹ́ Yorùbá tí a kọ bí wọ́n ti ń kọ ọ́ nígbà náà, láìsí àmì ohùn, tí ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú, Èkìtì tàbí Ìgbómìnà ẹni tó ni ọ̀rọ̀ sì ń yọ jáde níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá òmíràn tí alùfáà ìmàle kan fi háráfù Lárúbáwá kọ, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá. Kí ẹ tó rò pé tírà lásán ni, kí ẹ sì tó sọ ọ́ nù, ẹ fi han alùfáà tó mọ̀wé dáadáa.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ WỌN

Ẹni tó bá ń retí ìtàn bí ìbọn ti ń dún yóò já kulẹ̀. Ìkíni ló máa ń gba ìdajì ojú-ewé: mo kí bàbá, mo kí ìyá, mo kí ìyàwó, mo kí ará ilé ọ̀tún àti ti òsì, mo nírètí pé ìwé mi yóò bá yín ní àlàáfíà gẹ́gẹ́ bí ó ti fi mí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilé: ta ló ń tọ́jú oko? Ṣé wọ́n ti san ìdáná tó kù? Ṣé owó tí mo ní kí wọ́n máa yọ nínú owó oṣù mi fún yín ń dé ọwọ́ yín? Ọ̀ràn owó yìí dá ìjà sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ agboolé láàrin ìyàwó àti ẹbí ọkọ, ó sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ajẹ́lẹ̀.

Èyí gan-an ni ó sọ wọ́n di ohun iyebíye. Ìtàn ogun tí àwọn ọ̀gágun kọ ti sọ òkè tí wọ́n gbà àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Kò sọ pé ọmọkùnrin kan wà nínú kòtò tí òjò kún tí ó ń ro ti ewúrẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wo ni a lè gbà mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n, pé wọn kì í ṣe nọ́ńbà?

Ẹ wo àwọn orúkọ tí a ń pè lójoojúmọ́ láìbìkítà. Ẹni tó ń lọ sí Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn mọ Letmauk Barracks. Ẹni tó ń gbé ní Àpápá mọ Arakan Barracks. Ará Èkó wo ni kò gbọ́ orúkọ Dodan Barracks rí? Ilẹ̀ Bọ́mà ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí ti wá, ibi tí àwọn bàbá wa ti jà ni. A fi orúkọ náà sára ògiri, a gbàgbé ọwọ́ tó mú un wálé.

ỌMỌ Ẹ̀MÙRẸ́-ILÉ TÓ KỌ TIRẸ̀ SÍLẸ̀

Ọ̀kan wà nínú wọn tí ìwé rẹ̀ kò sọnù, ẹ sì jẹ́ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Isaac Fadoyebo ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀mùrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942, wọ́n sì fi í sí ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn Japáànù yọ sí wọn lójijì létí odò Kaladan. Ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó sì bà á ní ikùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú yí i ká. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ló kù nínú igbó náà.

Àgbẹ̀ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, ará abúlé kan nítòsí ibẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shuyiman, ló gbà wọ́n là. Ó fún wọn lóúnjẹ, ó fi wọ́n pamọ́, nígbà tó yá ó gbà wọ́n sínú ilé ara rẹ̀. Bí àwọn Japáànù bá mọ̀, ìparun ni fún òun àti ìdílé rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni èyí gbà, kí àwọn ọmọ ogun Gurkha tó dé ibẹ̀ ní oṣù kejìlá 1944. Ní gbogbo oṣù mẹ́sàn-án wọ̀nyí, kò sí lẹ́tà kankan tó lè ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá sí Ẹ̀mùrẹ́-Ilé. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ fi ara yín sí ipò ìyá rẹ̀.

Ó padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ìwé rẹ̀ dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí wọ́n ń pè ní Imperial War Museum. Ní 1999, Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde. Nítorí pé ìwé náà wà níbi tí ènìyàn ti lè kà á ni akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, fi rí i, tó sì wá bàbá náà kàn ní Nàìjíríà. Bàbá Fadoyebo kọ lẹ́tà ọpẹ́ kan sí ìdílé Shuyiman. Ní 2011, Phillips gbé lẹ́tà náà lọ sí Bọ́mà, ó wá ìdílé náà rí, wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ bàbá sí wọn létí. Shuyiman ti kú nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 67. Bàbá Fadoyebo fúnra wọn tẹ́rí gbaṣọ ní 2012. Ní 2014, Phillips tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ó wò. Bí wọ́n bá ti fi ìwé bàbá yìí pọ́n àkàrà, ta ni ìbá mọ Shuyiman? Gbèsè ọpẹ́ tó wà láàrin ìdílé méjì tí òkun pín níyà ìbá ti wọ sàréè lọ.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI DÙN WÁ

Kì í ṣe pé a kò mọ iye ìwé. Ṣebí Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, ló parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1897, tó fi í ránṣẹ́ sí Òyìnbó, tó sì sọnù sọ́wọ́ wọn? Ó kú ní 1901 láìfojú kàn án mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣa àkọsílẹ̀ tó kù nílé jọ, tó tún un kọ. Nígbà tí wọ́n fi èyí pẹ̀lú ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ Appam ní 1916, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun. Títí ó fi di 1921 kí ìwé náà tó jáde. Àkọsílẹ̀ tí a fi pamọ́ sílé ló gba ìtàn Yorùbá là.

Ìbàdàn náà kò gbẹ́yìn. Olóyè Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé rẹ̀ sì wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn títí di òní. Nínú ọgbà yunifásítì kan náà ni National Archives wà, ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1954. Ṣùgbọ́n ìwé tó ti ọwọ́ ìjọba kọjá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́tà tí ọmọ kọ sí ìyá rẹ̀ kì í gba ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀ kọjá. Abẹ́ ibùsùn ló wà, ibẹ̀ náà ni yóò sì kú sí bí a kò bá ṣe nǹkan.

Ohun tí ń pa wọ́n ju ikán lọ ni ọ̀nà tí a gbà ń pín ogún. Gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni Yorùbá fi ń pín in. Ó lè jẹ́ ìdí-igi, èyí ni iye ìyàwó tí òkú fẹ́. Ó sì lè jẹ́ orí-ò-jorí, èyí ni iye ọmọ tó bí. Lẹ́tà kò ṣeé pín lọ́nà méjèèjì. Bí a bá pín in ní ìdí-igi, ìdajì ìtàn yóò wà ní ilé ìyá kan, ìdajì ní ilé ìyá kejì. Bí kò sì ti ní iye lójú ọjà, ẹnikẹ́ni kì í jà fún un, ohun tí a kì í jà fún ni à ń dà nù.

Ṣùgbọ́n àṣà wa kan náà ní oògùn rẹ̀. Ohun kan wà tí a kì í pín rárá: ilé ẹbí, ojú oórì, oyè ìdílé. Gbogbo ọmọ ló ni ín, olórí ẹbí tàbí dáwódù ló ń mójú tó o fún wọn, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á. Inú irú ogún yìí ni kí a fi lẹ́tà ojú ogun sí. Ní ọjọ́ ìpínlẹ̀ ogún, kí a tó fọwọ́ kan aṣọ, kí olórí ẹbí bèèrè pé, “Ìwé wo ló wà?” Kí ọmọ tó mọ̀wé kà á sókè kí gbogbo ẹbí gbọ́. Kí a fi í lé ẹnìkan lọ́wọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

BÍ A TI Ń TỌ́JÚ WỌN

Bí ìwé bá ti wà lọ́wọ́, ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ nu ún gbẹ, kí ẹ tó mú un. Ẹ má ṣe fi itọ́ ṣí i. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ nígbà ogun fẹ́lẹ́, kí ó má baà wúwo nínú ọkọ̀ òfuurufú. Bí ó bá ti dì mọ́ra, ẹ má ṣe fi agbára ya á. Ẹ ṣí i jẹ́jẹ́, kí ẹ tẹ́ ẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà ní títẹ́, nítorí ojú ibi tí a ti ká a ni yóò kọ́kọ́ ya. Ẹ yọ pínnì àti abẹ́rẹ́ gbogbo kúrò, ìpẹtà wọn ń jẹ bébà. Ẹ má ṣe fi téèpù lẹ ibi tó ya, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rá gbígbóná bò ó, nítorí ohun tí a fi ọ̀rá bò báyìí kò ṣeé tú mọ́.

Oòrùn ń pa ìnkì. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé lẹ́tà gidi náà kọ́ sára ògiri pálọ̀, àwòrán rẹ̀ ni kí ẹ kọ́. Ẹ fi bébà funfun tó mọ́ sáàrin ewé kan àti èkejì. Ẹ kó o sínú àpótí tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e sórí àkéte tàbí pẹpẹ. Kí ó má wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ó má fara kan ògiri tí ń mu omi, kí ó má baà hewú. Kí ó jìnnà sí ilé ìdáná. Ẹ máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá lákòókò òjò, nítorí ikán kì í kọ̀wé kí ó tó wá.

Tẹlifóònù ọwọ́ tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín tó láti ya àwòrán ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, níwájú àti lẹ́yìn, pẹ̀lú àpò ìwé àti òǹtẹ̀ orí rẹ̀. Ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ní ilé méjì tàbí mẹ́ta, kí iná ilé kan má baà jó gbogbo rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ mú ìwé mìíràn, kí ẹ kọ ohun tí lẹ́tà kò sọ sí i: ta ni “Bùrọ̀dá” tó ń kí? Agboolé wo ni? Ewúrẹ́ ta ni? Lónìí, ẹnìkan ṣì wà tó mọ̀ ọ́n. Lọ́dún márùn-ún sí i, ó lè má sí mọ́.

ÀṢÍRÍ ŃKỌ́?

Àwọn kan yóò bi mí pé, “Ṣé kí gbogbo ayé wá mọ ohun tí bàbá wa sọ fún ìyá wa?” Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ. Kì í ṣe gbogbo lẹ́tà ni oyin. Ó ní èyí tí ọkọ ti ń bínú sí aya, ó ní èyí tó dárúkọ ọmọ tí a kò mọ̀, ó ní èyí tó sọ bí ọmọlúàbí kan ti jẹ owó ọlówó. Dídáná sun ún kọ́ ni ìdáhùn. Kí ẹbí jókòó, kí wọ́n ya èyí tó gbẹgẹ́ sọ́tọ̀, kí wọ́n dì í, kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé ó di ọdún báyìí-báyìí kí a tó ṣí i. Bí a bá sì fẹ́ fi lẹ́tà sí ilé ìkàwé, kí a kọ àdéhùn náà sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa nílé. Ohun tó le lónìí lè di ẹ̀rín lẹ́yìn 50 ọdún. Ohun tó ti jóná kò lè di nǹkan kan mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti Bọ́mà nìkan là ń wí. Àwọn ọmọ wa lọ sí Kóńgò láti 1960. Ogun abẹ́lé jà láti 1967 sí 1970. Wọ́n lọ sí Làìbéríà ní 1990. Àwọn tó ń jà ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn lóde òní kì í tilẹ̀ kọ lẹ́tà mọ́, orí tẹlifóònù ni wọ́n ti ń kí ìyàwó àti ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ránṣẹ́ yìí tètè ń sọnù ju bébà lọ. Tẹlifóònù já sómi, ó parí. Ẹ̀yin ìyàwó ológun, ẹ ṣàdàkọ rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún, a máa ń ṣe ìrántí àwọn ológun wa ní Nàìjíríà. Àwọn aláṣẹ máa ń gbé òdòdó sílẹ̀, fèrè a sì dún. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní àpótí bàbá yín nílé, ẹ ṣí i. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó kéré jù nínú ilé tó mọ̀wé ka ojú-ewé kan sókè. Bí ó bá fo ìlà kan, ẹ ní kí ó padà lọ kà á.

Ojú-ewé tiwa ṣì wà lọ́dọ̀ mi, pẹ̀lú àbààwọ́n epo rẹ̀. Mo ti tẹ́ ẹ sáàrin bébà funfun. Mo sì ti kọ ìyókù tí mo rántí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ ìdáná, àti ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tí wọ́n ní kí ìyá má tà. Ìyá kò tà á. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ohùn àwọn baba wa parẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.